Àwọn Àkọ́bí tí Mi Ò Kọ Sílẹ̀

Ogbooro, Ọjọ́ Àìkú, oṣù Ọ̀wàrà. Òjò ti ń kásẹ̀ nílẹ̀. Oòrùn mú láti àárọ̀, atẹ́gùn kò fẹ́.

Ìyá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú àdúrà lórí wa. Mo kúnlẹ̀ kí yín, mo kí Bàbá, mo sì kí àwọn ẹ̀gbọ́n mi tó wà nídìí òfì n'Ísẹ́yìn. Mo ní kí àwọn oníwèé ìròyìn tẹ lẹ́tà yìí jáde, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kan àwọn mìíràn yàtọ̀ sí wa.

Ẹ máa ń béèrè irú iṣẹ́ tí mò ń ṣe gan-an. Èmi ni olórí àwọn tó ń rí sí i pé ohun tí ìjọba bá pín kárí àgbẹ̀ àti Fúlàní tó jọ ń gbé agbègbè yìí. Ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ ìtòsí wa máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, Ìyá Ọgbọọgba ló ń pè mí. Yàtọ̀ sí òun, ẹni tó ń bá mi sọ̀rọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ kò pọ̀.

Lásìkò òjò, à ń kọ orúkọ àwọn ọmọ tí yóò wọ ilé ẹ̀kọ́. Mo dé ọ̀dọ̀ Hájárà, obìnrin Fúlàní kan tó ń ṣe wàrà. Ó ka ọmọ mẹ́ta, ó wolẹ̀, ó ní kí n dúró de ìyálé òun. Ìyálé ti lọ sọ́jà, ọlọ́kadà tó gbé mi wá sì ń kánjú. Mo kọ mẹ́ta, mo fọwọ́ sí i.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wọlé, ọmọ mẹ́rin ló wá. Wọ́n dá èyí tó dàgbà jù padà, torí orúkọ rẹ̀ kò sí nínú ìwé. Hájárà wá bá mi ní ọ́fíìsì, kò pariwo.

"Láàrin tiwa, ìyá kì í pe àkọ́bí rẹ̀ lórúkọ," ó ní. "Mo ní kẹ́ ẹ dúró. Ṣebí ẹ̀yin Yorùbá náà lórúkọ tẹ́ ẹ kì í pè?"

Ẹ̀yin ni mo rántí. Láti ìgbà tí ẹ ti wọlé Bàbá, ẹ ò pe àbúrò wọn lórúkọ rí; Akọ̀wé lẹ ń pè wọ́n títí irun wọn fi funfun. Abẹ́ òrùlé yín ni mo ti mọ èyí, kí n tó lọ sí Pólì ní Ṣakí.

Mo béèrè káàkiri àwọn abúlé tí mo ti kọ orúkọ. Níbi tó bá jẹ́ pé ìyá ọmọ Fúlàní ló ka orúkọ fún mi, àkọ́bí kò sí níbẹ̀. Mi ò sunkún. Ọkàn mi dà bí ọwọ́ tó ti kú nítorí pé ó pẹ́ jù nínú omi tútù.

Ọ̀gá mi ní ìwé orúkọ náà ti dé Ìbàdàn, kí n fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀, pé nítorí iṣẹ́ orúkọ náà gan-an ni wọ́n ṣe fẹ́ gbé mi lọ sípò gíga níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, ọmọ Hájárà yóò ti kọjá ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà.

Mo ti pinnu. Lọ́la, n ó kọ̀wé sí Ìbàdàn pé èmi ni mo ṣàṣìṣe, kí wọ́n ṣí ìwé orúkọ náà padà, kí wọ́n sì fi ipò náà fún ẹlòmíràn. Mi ò tíì kọ ọ́.

Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà nínú ilé. Tí ẹ bá gbọ́ pé mi ò lọ Ìbàdàn mọ́, ẹ má bínú.

Ọmọ yín,
Àṣàbí