Pachanga Tí Ẹ Kọ́ Ọmọ Ẹlòmíràn

Bàbá mi àtàtà,

Inú ń bí mi ni mo fi ń kọ̀wé yìí, ẹ má bínú. Rìsíkátù, ọmọ ìyá tí yàrá wọn kọjú sí tiwa, ti gba ṣọ́ọ̀bù kan ní Boundary, ibẹ̀ ló ti ń kọ́ èèyàn níjó. Ó kọ PACHANGA gàdàgbà sára ògiri, ó sì ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà síbẹ̀ pé bàbá òun ló kọ́ òun. Bàbá òun kẹ̀! Bàbá ta ni?

Tiwa mà ni ọ̀rọ̀ yẹn. Ẹ̀yin lẹ gbé e wálé láti Wharf, lọ́dọ̀ àwọn atukọ̀ ará Sípéènì tí ẹ máa ń já ẹrù ọkọ̀ wọn. Ẹ ṣàlàyé fún mi pé orin ijó tí kì í jẹ́ kẹ́sẹ̀ sinmi ni, àti pé bí àríyá bá gbóná tí ariwo ta, pachanga ni wọ́n ń pe àríyá náà fúnra rẹ̀. Ní ilé wa, ọ̀rọ̀ náà tún ṣiṣẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí òórùn ọbẹ̀ Màámi bá ń ta sánsán, pachanga lẹ máa ń pè é. Bí àwọn ayálégbé bá ń jà nídìí omi, pachanga náà ni.

Ṣé ẹ rántí Sátidé tí ẹ fẹ́ kọ́ mi? Ẹ ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, ẹ dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ pe orúkọ mi. Mo ń ṣa ẹ̀wà, mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ẹ ti bá mi wí láàárọ̀, mo sì fẹ́ kí ẹ bẹ̀ mí díẹ̀. Mo gbàgbé irú iṣẹ́ tí ẹ ń ṣe. Lẹ́nu géètì Wharf, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni olórí òṣìṣẹ́ ń pe orúkọ. Ẹni tí kò bá jẹ́, ẹlòmíràn ti bọ́ sípò rẹ̀. Rìsíkátù sáré jáde, òun lẹ bá jó. Bàbá tirẹ̀ ti kú, mo mọ̀, àánú rẹ̀ ṣe yín. Ṣé àánú tèmi ò ṣe yín ni?

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀yin méjèèjì ni gbogbo Sátidé. Èmi ni mo ń yí kásẹ́ẹ̀tì padà. Mo jowú débi pé mo fi bàtà rẹ̀ pamọ́ nígbà kan. Mo ti bímọ mẹ́ta báyìí, mo ṣì ń jowú.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wọ kẹ̀kẹ́ lọ bá a, ìjà ni mo gbé lọ. Bó ṣe rí mi báyìí:

"Ẹ̀gbọ́n mi! Abeg, ẹ wọlé jàre. Ẹ ti pẹ́ jù."

Kí n tó la ẹnu, orin ti ń lọ, ó ti fà mí sáàárín àwọn tó ń kọ́ níjó. Ó fi àtàǹpàkò rẹ̀ sí àárín àtẹ́lẹwọ́ mi, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́ kó tó yí mi, kí n lè mọ ibi tí à ń lọ. Mo bi í ta ló kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Ó wò mí bí ẹni tó yẹ kó ti mọ̀.

Bàbá mi, n kò mọ̀. Mo bú sẹ́kún lójú gbogbo wọn. Bí ẹ ṣe ń di ọwọ́ èèyàn mú nìyẹn, ọmọ aládùúgbò ló wá fi hàn mí.

Èmi ni, àkọ́bí yín, tó fẹ́ràn yín tó sì ń jowú lórí yín.