Owó Oṣù Ìyá Rẹ Ni, Kì í Ṣe Owó Ìbẹ̀wò Aláìsàn

Chizuru ọmọ mi,

Yẹ́nì 3,000 ni mo yọ sọ́tọ̀ fún ọ̀sẹ̀ yìí. Bọ́ọ̀sì àlọ àti àbọ̀ sí ọsibítù gba 760. Ọsàn tí ìyá rẹ ní òun fẹ́ jẹ gba 398, ẹyọ méjì péré ló sì jẹ níbẹ̀, èmi ni mo jẹ ìyókù kó má baà bàjẹ́. Sítáǹbù lẹ́tà yìí jẹ́ 110. Àpò lẹ́tà kò ná mi ní nǹkan kan, èyí tí wọ́n fi mú ìwé owó iná wá ni mo tú, mo yí inú rẹ̀ síta, mo sì lẹ̀ ẹ́ padà. Ó ku 1,732, Ọjọ́bọ̀ sì ni òní, a kò ṣe burú.

Ṣé ara rẹ le ní Tókíò? Àdúrà mi ni pé kí lẹ́tà yìí bá ọ lórí ìdúró, kí òtútù má rí ọ gbé ṣe, kí ọkọ̀ ojú irin tí ẹ fi ń fún ara yín mọ́ra bí ẹja inú agolo máa gbé ọ lọ ire, kó máa gbé ọ bọ̀ ire. Mo gbé ìrẹsì àti omi síwájú pẹpẹ àwọn òbí mi láàárọ̀ yìí, mo dárúkọ rẹ lẹ́ẹ̀kan, mo dárúkọ ìyá rẹ lẹ́ẹ̀mẹta. Má bínú, ó nílò rẹ̀ jù ọ́ lọ.

Yìnyín ti bo orí òkè. Ìyá Tome, aládùúgbò wa, wà dáadáa, ẹnu rẹ̀ náà wà dáadáa. Béárì kan wọ ọgbà rẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó jẹ gbogbo èso tó pọ́n, ó fi àwọn tó kan sílẹ̀. Ìyá Tome ní ẹranko náà mọ èso yàn ju ọkọ òun tó ti kú lọ.

O bi mí lórí fóònù pé kí ló dé tí mo jẹ ọ́fíìsì adójútòfò ìlera lówó, mo sì pa fóònù. Kì í ṣe ìbínú. Bí ọ̀rọ̀ bá ṣe ń gùn ni fóònù ń jẹ owó, ṣùgbọ́n lẹ́tà, iye kan náà ni bó ti wù kó gùn tó. Jẹ́ kí n tò ó fún ọ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Nígbà tí ìyá rẹ ṣubú ní oṣù kẹrin, nídìí tábìlì tí wọ́n ti ń di ráádíìṣì, gbòǹgbò ẹ̀fọ́ tí wọ́n so gbẹ ní ilé èéfín, sínú ọ̀rá ní ilé iṣẹ́ Ọ̀gá Niida, tí wọ́n sì dá a dúró sí ọsibítù, Ọ̀gá fúnra wọn wá sílé wa ní ìparí oṣù. Wọ́n kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó jẹ gbèsè, wọ́n fi àpò owó kan lélẹ̀, 90,000 ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n ní kí Kinue, ìyá rẹ, fọkàn balẹ̀ sùn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ náà. Mo wá bi ara mi pé, owó tí ẹni tí ara rẹ̀ le bá gbé wá fún ẹni tó dùbúlẹ̀, kí là ń pè é? Ọmọdé abúlé yìí mọ̀ ọ́n. Owó ìbẹ̀wò aláìsàn ni. Ta ló ń dùbúlẹ̀ tó ń gba owó oṣù?

Nítorí náà mo ṣe ohun tó yẹ. Ìdajì owó ìbẹ̀wò la máa ń fi ẹ̀bùn dá padà fún ẹni tó mú un wá, ṣùgbọ́n fún ẹni tó ju ni lọ, ìdá kan nínú mẹ́ta tó, ìyẹn 30,000. Ohun tó máa ń tán la sì máa ń fi ṣe é, bíi ṣúgà, tíì tàbí ọṣẹ, kí àìsàn náà lè bá a tán. Ọṣẹ ni mo mú nítorí wọ́n dín owó rẹ̀ kù. Ìyàwó Ọ̀gá wo àwọn páálí náà títí, wọ́n ní ṣé bí èéfín ráádíìṣì ṣe wá sọ àwọn dúdú tó lójú mi nìyẹn. Wọ́n bẹ̀ mí pé kí n má gbé òmíràn wá mọ́.

Mo mọ̀ pé ìgbà tí aláìsàn bá dìde la máa ń dá nǹkan padà. Ìyá Tome sọ ọ́ sí mi lójú pé mò ń dúpẹ́ àlàáfíà tí kò tíì dé. Mo dá a lóhùn pé ọjọ́ Àìkú ni ẹ̀dínwó ọṣẹ yóò parí. Ṣùgbọ́n òtítọ́ rẹ̀ ni pé mo rò pé bí ọpẹ́ bá ṣáájú, ojú lè ti àlàáfíà, kó sì tẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni obìnrin kan ní ọsibítù sọ fún mi pé òṣìṣẹ́ tí àìsàn dá dúró, tí kò gba owó oṣù, ọ́fíìsì adójútòfò máa ń san ìdá méjì nínú mẹ́ta owó rẹ̀ fún un. Owó ìyá rẹ jẹ́ 150,000 lóṣù, ìyẹn 5,000 lójúmọ́, ìdá méjì nínú mẹ́ta rẹ̀ sì jẹ́ 3,333. Fọ́ọ̀mù náà béèrè bóyá ó gba owó oṣù láàárín àkókò náà. Mo kọ ọ́ síbẹ̀ pé rárá, ó dùbúlẹ̀ ni. Ọ̀gá Niida lu òǹtẹ̀ wọn síbi tí mo nawọ́ sí, wọn ò kà á, awò ojú wọn wà ní ilé èéfín.

Báyìí ni 396,627 ṣe wọ báńkì wa fún ọjọ́ 119, láti oṣù kẹrin títí dé oṣù keje. Ọ̀sán ni mo lọ sídìí ẹ̀rọ tó ń pọ owó, torí wọ́n máa ń yọ owó díẹ̀ lọ́wọ́ ẹni tó bá lọ lálẹ́. Obìnrin inú rẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, èmi náà tẹrí ba fún un. Mo ní àwọn ará ọ́fíìsì yìí náà wá bẹ aláìsàn wò. Ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀ jẹ́ 132,209, agbára mi kò ká a, mo bá fi páálí ọṣẹ kan ránṣẹ́ sí wọn. Wọ́n dá a padà pẹ̀lú ìwé pé òfin ò gba àwọn láyè. Mo ní ẹ wo onírẹ̀lẹ̀ èèyàn!

Oṣù kẹwàá ni ìwé wọn kejì dé. Ó ní nínú ìwé owó ilé iṣẹ́ Niida, Kinue gba owó oṣù 90,000 lóṣooṣù. Ẹni tó ń gba 3,000 lójúmọ́ lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀, àfikún 333 péré ló tọ́ sí i lọ́dọ̀ àwọn. Kí a dá 357,000 padà. Mo ṣírò ó lẹ́ẹ̀mẹta, kí n ṣáà rí ibi tí wọ́n ti ṣì í. Wọn ò ṣì í ní yẹ́nì kan.

Mo pè wọ́n. Obìnrin kan ní àwọn tó ń pè pọ̀, kí n jọ̀wọ́ dúró. Àánú wọn ṣe mí. Bí aláìsàn bá pọ̀ tó báyìí lórí ìlà, ta ni èmi tí ẹsẹ̀ mi méjèèjì pé tí màá dínà mọ́ wọn? Mo pa á. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe lójoojúmọ́, títí Ìyá Tome fi sọ fún mi pé ẹ̀rọ ni obìnrin yẹn, ohun kan náà ló ń sọ fún gbogbo ayé, bàbá arúgbó tí ń ṣàánú ẹ̀rọ ni òun ò tíì rí rí. Mo bá wọ ọkọ̀ ojú irin lọ bá wọn ní ìlú Àkítà, owó ọkọ̀ gba 1,980.

Ọmọkùnrin tó dá mi lóhùn níbẹ̀ níwà. Ó ní ọ̀nà kan wà. Bí Ọ̀gá Niida bá lè kọ ọ́ pé ẹ̀bùn àtọkànwá ni 90,000 náà, pé kì í ṣe owó oṣù, àwọn kò ní kà á mọ́ wa lọ́rùn, a ò sì ní dá yẹ́nì kan padà. O rí i pé èmi ni mo gba ọ̀rọ̀ náà láti ìbẹ̀rẹ̀! Kíá ni mo lọ bá Ọ̀gá. Wọ́n ní àwọn á kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ló sọ fún ìyàwó ọmọ àwọn pé kó fi í sínú ìwé owó oṣù, torí àwọn ò mọ ibòmíràn tí àwọn lè kọ orúkọ Kinue sí. Omi wà lójú wọn nígbà tí wọ́n ń sọ ọ́.

Mo gbé ìwé náà lọ fún ìyá rẹ, mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Ó kà á tán, ó ní rárá. Ó ní bó bá jẹ́ ẹ̀bùn ni, a jẹ́ pé láti oṣù kẹrin, ẹni tí wọ́n ń ṣàánú lòun. Bó bá jẹ́ owó oṣù ni, òṣìṣẹ́ Niida ṣì lòun, láàárọ̀ tí wọ́n bá ka ara wọn ní ilé èéfín, wọ́n ń ka òun mọ́ ọn, òun kàn pẹ́ lẹ́yìn ni. Ó bi mí pé nínú ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, ẹ̀ẹ̀melòó lòun pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Mo ní kò sí. Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun pẹ́ lẹ́ẹ̀kan yìí nìkan.

Mo sọ fún un pé 357,000 ni ohun tó ń sọ yẹn yóò ná wa. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ṣé mo rò pé òun ò tó bẹ́ẹ̀ ni?

Chizuru, mo yọ bírò jáde níbẹ̀. Mo fa ìlà sórí ohun tí Ọ̀gá kọ, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo fi ṣe ojú ìwé tí ò ń kà yìí, bébà tó dára ni. Má ṣe mú un lọ sí ọ́fíìsì kankan.

Mo ta ẹ̀rọ tí mo fi ń kó yìnyín, 60,000, mo san án fún wọn, ṣọ́bìrì ṣì wà níbẹ̀. Wọ́n gbà kí n máa san ìyókù ní 27,000 lóṣooṣù, fún oṣù mọ́kànlá, láti oṣù kejìlá. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, dókítà pè mí sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ó ní ìyá rẹ á rí ọdún tuntun, ṣùgbọ́n kí n má retí pé yóò rí ìtànná oṣù kẹrin. Mo kà á níbi tí mo dúró sí. Ìsanwó mẹ́rin ni yóò bá a láyé, méje yóò ṣẹ́kù. Mi ò tíì sọ fún un. Ó ń sọ fún nọ́ọ̀sì pé òun yóò bá wọn so ráádíìṣì lọ́dún tó ń bọ̀.

Jọ̀wọ́, ọmọ mi, bí o bá lè máa fi 9,000 ránṣẹ́ lóṣù, màá yọ 18,000 nínú owó arúgbó mi. Bí 9,000 bá pọ̀jù, jẹ́ kó jẹ́ 7,000, màá fi owó epo ìdáná dí i. Wá lọ́dún tuntun, bọ́ọ̀sì òru ló rọjú jù, mú ìrẹsì dání jẹ. Má ra nǹkan fún ìyá rẹ, mi ò ní lè ṣírò iye tí màá dá padà.

Kí àwọn tó wà lórí pẹpẹ wa dì ọ́ mú. Kí iṣẹ́ rẹ má bọ́ lọ́wọ́ rẹ. Ibikíbi tí wọ́n bá ti ń ka èèyàn, kí wọ́n ka ìwọ náà mọ́ wọn.

Èmi ni bàbá rẹ,
Tokuji

Èyí tí a kò tíì san lórí owó oṣù ìyá rẹ: yẹ́nì 297,000.