Etí Òsì Tí Wọ́n Pè Ní Ọ̀tún

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ o, mo kí ọ tọkàntọkàn. Ṣé ara rẹ le? Ṣé ikọ́ tó ń yọ ọ́ lẹ́nu ti lọ? Èmi àti bàbá rẹ wà láàyè, àfi pé láti ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn, oúnjẹ kì í fẹ́ gba ọ̀nà ọ̀fun mi kọjá. Ìríra ló fà á.

O ní kí n sọ èrò mi lórí iṣẹ́ tí ọ̀gá mi fi lọ̀ ọ́. Jókòó kí o tó kà á.

O mọ ohun tí mò ń ṣe láti ọdún mọ́kànlá sẹ́yìn. Omi purotéènì tí a pò mọ́ ike olómi ni à ń dà sínú abọ́ dígí, tí màá wá fi iná lésà tó tín-ín-rín ju irun orí lọ yàwòrán sínú rẹ̀. Ibi tí iná náà bá kàn yóò le, ìyókù yóò ṣàn dànù. Ohun tó máa kù ni férémù bíńtín, oníhò bí àwọ̀n, tí sẹ́ẹ̀lì ara ènìyàn máa ń gùn bí ìtàkùn ṣe ń gun ọgbà. Ìrètí wa ni pé lọ́jọ́ kan yóò di ẹran ara gidi tí a lè lẹ̀ mọ́ ẹni tó farapa. Iṣẹ́ tó wù mí ni.

Lọ́dún tó kọjá, télọ̀ kan wá bá wa. Iná tó jó ìsọ̀ rẹ̀ ti jẹ etí ọ̀tún rẹ̀ tán, ó ku kùkùté. Ó jẹ́ kí a gé ẹran díẹ̀ lára kùkùté náà, kí a lè fi gbin sẹ́ẹ̀lì. Èmi fúnra mi ni mo ya etí òsì rẹ̀ tó yè ní fọ́tò, tòun ti àmì dúdú kan nísàlẹ̀ rẹ̀. A yí fọ́tò náà padà nínú kọ̀ǹpútà, bí jígí ṣe máa ń sọ òsì di ọ̀tún, kí ẹ̀rọ lè mọ bí etí ọ̀tún ṣe yẹ kó rí. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, ohun tí a rí kò ju èékánná ọmọ ọwọ́ lọ. Inú abọ́ ló wà. Kò kan orí ọkùnrin náà rí.

Àwọn àlejò tí ọ̀gá ń wá owó iṣẹ́ lọ́wọ́ wọn wá wo iṣẹ́ wa ní ọ̀sẹ̀ méjì sẹ́yìn. Láàárọ̀ ọjọ́ náà, ọ̀gá gbé àwòrán ńlá méjì lé mi lọ́wọ́ pé kí n kàn wọ́n mọ́ ògiri: etí tó jóná, àti “etí tuntun.” Mo wo etí tuntun, mo rí àmì dúdú. Fọ́tò etí òsì tí mo yà ni wọ́n yí padà! Mo ní, “Ọ̀gá, èyí kọ́ o.” Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Màmá, ta ló fẹ́ wá yẹ etí wò? Ẹ sáà kàn án.” Mo kàn án. Ọwọ́ tí mo fi ń kọ lẹ́tà yìí náà ni. Mo ti fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ títí, ó ṣì ń rùn sí mi.

Wọ́n ra fìlà fún télọ̀, wọ́n fà á bo kùkùté etí rẹ̀, wọ́n gbé e jókòó síwájú bí ère. Ọ̀gá ń sọ̀rọ̀, itọ́ ń ta lẹ́nu rẹ̀, ó ń na ọ̀pá sí ògiri. Télọ̀ na ọrùn, ó wo àwòrán náà títí. Ó bá dìde, ó ṣí fìlà, ó fọwọ́ kan àmì dúdú etí rẹ̀. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin àlejò, etí tí wọ́n bí mọ́ mi ló wà lára ògiri yẹn. Èyí tí wọ́n ní àwọn ṣe fún mi dà?” Ọ̀gá kọjú sí mi: “Màmá, ẹ bá mi ṣàlàyé fún un, ẹ̀yin lẹ wà nídìí ẹ̀rọ.” Mo ní, “Òótọ́ ló sọ. A ò tíì fi nǹkan kan kan orí rẹ̀.”

Àwọn àlejò kó ìwé wọn, wọ́n lọ. Wọ́n ti gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ̀rọ lọ́wọ́ mi báyìí. Ìgò ni mò ń fọ̀. Ìyẹn kò dùn mí. Ohun tó ń rí mi lára ni pé lọ́jọ́ kejì, mo bá abọ́ sẹ́ẹ̀lì télọ̀ nínú garawa pàǹtí, láàárín ìbọ̀wọ́ àlòkù àti egungun adìẹ tí ẹnì kan jẹ kù. Oṣù mẹ́jọ! Mo lọ sọ fún un ní ìsọ̀ rẹ̀ tuntun. Ó dá ẹsẹ̀ dúró lórí máṣíìnì. “Ara mi ni wọ́n dà nù yẹn?” Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó tutọ́ sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó ní kí n jókòó, ó sì lọ bu omi wá fún mi.

Ọmọ mi, iṣẹ́ náà kò jẹ̀bi. Kọ́ ọ dáadáa, ṣùgbọ́n má kọ́ ọ lábẹ́ ẹni tó ń fi ìyà ẹlòmíràn ṣe ọ̀ṣọ́ ara ògiri. Ṣíọ̀!

Orí rẹ kò ní gbàbọ̀dè. Ẹsẹ̀ rẹ yóò bá ire pàdé. Ọlọ́run yóò fi ọ̀gá tí ojú máa ń tì síwájú rẹ.

Èmi ni,
Ìyá tó bí ọ.

Mo tún rántí: ọ̀gá bi mí lánàá bóyá o ti fèsì. Mo ní o ti kọ̀. Irọ́ ni mo pa. Tètè kọ̀wé sí i pé o kò ṣe é, kí n má baà jẹ́ òpùrọ́ ní ilé iṣẹ́ yẹn. Àwọn tó wà níbẹ̀ ti tó.