Kí Kàfíńtà Lè Rí Òkun

                                        Ṣọ́ọ̀bù Aránṣọ,
                                        Òkè Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, Ẹ̀yìn Ibùdókọ̀.
                                        Ọjọ́ kejìlá, oṣù karùn-ún.

Ọ̀rẹ́ mi ọ̀wọ́n, Eyínfúnjowó,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ilé ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ìyá ọkọ rẹ ńkọ́, ṣé orúnkún wọn ti ń gbọ́ràn díẹ̀díẹ̀? Kàfíńtà, ọkọ rẹ, ẹgbẹ́ wa, ńkọ́? Ojú rẹ̀ ni mò ń béèrè o, kì í ṣe òun fúnra rẹ̀, torí mo mọ̀ pé bí èèyàn bá bi òun, yóò ní kò sí nǹkan kan, yóò sì tún fi òòlù lu àtàǹpàkò. Èmi àti Màámi dúpẹ́. A ti ti orí òkun dé láyọ̀, ara le. Ó kàn jẹ́ pé ilẹ̀ ṣì máa ń mì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi bí mo bá dìde lójijì.

Ìdí ẹ̀rọ ìránṣọ ni lẹ́tà rẹ ti bá mi. Mo kà á, mo pa ẹ̀rọ, mo tún un kà. O ní dókítà ojú ti sọ ọ́ ní gbangba pé ojú Kàfíńtà ń ṣú lọ, pé kò dájú pé yóò ṣì máa ríran títí ọdún yóò fi parí. O ní ohun kan ṣoṣo tó fẹ́ rí kó tó ṣú tán ni òkun, òkun gidi, tí ilẹ̀ kò sí lápá kankan. O ní ẹ ti gba àyè nínú ọkọ̀ ìgbafẹ́ tí àwa wọ̀, èyí tí yóò tún gbéra lóṣù kẹjọ. Omi bọ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rù bà mí, torí ọkọ̀ yẹn kì í dúró de ẹnikẹ́ni, ojú Kàfíńtà náà kò sì ní dúró di ìgbà mìíràn. Ìyẹn ni mo fi ní kí n jókòó, kí n kọ ohun tí ojú mi rí sí ọ, kí àṣìṣe tèmi má baà di tìrẹ.

Jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí ọkọ̀ náà ṣe tóbi tó, bí n kò bá sọ ọ́ n kò ní lè sùn. Nígbà tí a dé èbúté, mo dúró níwájú ilé funfun gàgàrà kan, mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì, mo wá bi alágbàárù kan pé níbo ni ọkọ̀ wà. Ó wò mí, ó wo ilé náà, ó bú sẹ́rìn-ín. Ilé tí mo fẹ̀yìn tì ni ọkọ̀! Eyínfúnjowó, mo gbójú sókè títí ìborí mi fi jábọ́. Fèrèsé lórí fèrèsé, àjà lórí àjà, àwọn èèyàn tó wà lókè pátápátá rí bíńtín bí èèrà. Gbogbo àdúgbò wa, láti ọ̀dọ̀ aṣe-búrẹ́dì títí dé ilé ìwòsàn, lè wọ inú rẹ̀ kí àyè ṣì kù. Mo bi Màámi pé kí ló wá gbé e dúró lórí omi. Màámi ní, “Ẹni tó gbé òṣùpá dúró náà ni.”

Ṣùgbọ́n díẹ̀ ló kù kó jẹ́ pé ìta la ó ti wò ó mọ. Ọgbọ́n mi tó pọ̀ jù ló fà á.

O mọ̀ mí, n kì í fọkàn tán báàgì. Wọ́n ti sọ fún mi pé bí ìwé ìrìnnà bá sọnù, ìrìn-àjò parí. Ni mo bá rán àpò pẹlẹbẹ kan mọ́ inú yẹ̀rì Màámi, mo kó ìwé ìrìnnà àwa méjèèjì sí i, mo sì fi ẹ̀rọ rán ẹnu rẹ̀ pa, ìránpa méjì, pẹ̀lú òwú líle tí mo fi ń rán báàgì aláwọ. Inú mi dùn sí iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo ní olè tó bá lè jí èyí, kó máa gbé e lọ, ó tọ́ sí i. Èrò mi ni pé bí a bá dé èbúté, màá fi àlùmọ́gàjí tú u. Àlùmọ́gàjí náà wà nínú àpamọ́wọ́ mi, èyí ńlá tí mo fi ń gé aṣọ. Nígbà tí àpamọ́wọ́ kọjá nínú ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń yẹ ẹrù wò, obìnrin aṣọ́bodè fà á yọ, ó wò ó bí ẹni tó rí idà, ó ní ọ̀dọ̀ òun ni yóò wà títí a ó fi padà. Ó gba áyọ́ọ̀nù mi pẹ̀lú, ó ní iná ni wọ́n ń bẹ̀rù jù nínú ọkọ̀ òkun. Mo ní kò burú. N kò tíì rántí ohun tí mo rán pa.

Àfi ìgbà tí a dé iwájú akọ̀wé, tó ní, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ìwé ìrìnnà yín,” ni orí mi wú. Mo wo Màámi. Màámi wo ìbàdí ara wọn. “Ìwọ ọmọ yìí,” wọ́n ní, “ṣé o fẹ́ kí n tú yẹ̀rì níwájú àwọn ọmọ ọlọ́mọ ni?” Akọ̀wé kò tilẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó ní ẹnu ọ̀nà máa tó tì, pé bí kò bá rí ìwé, kò sí ohun tí òun lè ṣe.

Mo fa Màámi wọ ilé ìgbọ̀nsẹ̀. Mo fi eyín já òwú, òwú kò já. Eyín ló fẹ́ já. Òwú tí mo fi ọwọ́ ara mi yàn! Ọkọ̀ fun fèrè, ògiri gbọ̀n. Màámi ká ìró sókè, wọ́n dúró gbọn-in. Nígbà tó yá, wọ́n rọra ní, “Ó dáa náà, a ṣáà ti rí i láti ìta.” Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lọ́kàn ju èébú lọ. Ibẹ̀ ni mo ti fọwọ́ kan ọrùn aṣọ mi, níbi tí mo máa ń há abẹ́rẹ́ sí láti ìgbà tí mo ti wà lẹ́nu ẹ̀kọ́ṣẹ́. Ó wà níbẹ̀. Mo fi ẹnu rẹ̀ tú ìránpa náà lọ́kọ̀ọ̀kan, Màámi ń ṣàdúrà. Láti kékeré la ti ń sọ pé abẹ́rẹ́ á lọ kí ọ̀nà okùn tó dí. Ọjọ́ náà ni mo tó mọ ohun tí mò ń sọ. A gba ìwé, a sáré. Màámi sáré, àgbàlagbà! Àwa la wọlé kẹ́yìn.

Nítorí náà, má rán nǹkan kan pa. Yẹ ìwé ìrìnnà yín wò lónìí, kì í ṣe lọ́la. Bí ọjọ́ rẹ̀ yóò bá parí kí oṣù mẹ́fà tó pé lẹ́yìn tí ẹ bá padà, ọ̀pọ̀ ìlú kò ní gbà á, ẹ tètè lọ ṣe òmíràn. Orúkọ tó wà nínú rẹ̀ gbọ́dọ̀ bá ti ìwé ọkọ̀ mu délẹ̀délẹ̀. Orúkọ bàbá rẹ ló ṣì wà nínú tìrẹ, mo rántí dáadáa, bẹ́ẹ̀ mo mọ̀ pé Kàfíńtà ti fi ìgbéraga kọ orúkọ tirẹ̀ mọ́ ọ níbi tó ti ń gba àyè. Ẹ pe àwọn ọlọ́kọ̀ kí wọ́n tún un kọ. Ẹ béèrè nípa físà gbogbo ìlú tí ọkọ̀ máa yà, kódà bí ẹ kò bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀, kí ẹ sì béèrè bóyá èyí tí ẹ gbà yóò jẹ́ kí ẹ jáde kí ẹ tún padà wọlé. Wọ́n béèrè ìwé abẹ́rẹ́ àjẹsára lọ́wọ́ àwa náà. Ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀, kí ẹ fi ọ̀kan sílẹ̀ fún àkọ́bí yín.

Ẹ sùn sí ìlú èbúté mọ́jú ọjọ́ tí ọkọ̀ máa gbéra. Àárọ̀ ọjọ́ náà gan-an ni àwa gbéra nílé, a rò pé àárọ̀ jìnnà sí ìrọ̀lẹ́, táyà mọ́tò wa sì bẹ́ lójú ọ̀nà; bí a bá ti tètè dé ni, yẹ̀rì ì bá má di ọ̀rọ̀ eré sísá.

Oògùn ojú Kàfíńtà ńkọ́? Inú àpò tí kò ní kúrò léjìká rẹ ni kó wà. Àwọn alágbàárù máa gba àpótí ńlá lọ́wọ́ yín, ìrọ̀lẹ́ ni ẹ tó máa rí i. Inú tiwa ni mo kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Màámi sí, mo sì lo ọ̀sán náà ní ẹnu ọ̀nà yàrá bí ajá tó ń retí olówó rẹ̀. Bí èyí tó ń kán sójú bá ń fẹ́ òtútù, sọ fún wọn, wọ́n á fún yín ní fíríìjì kékeré. Gba ìwé lọ́wọ́ dókítà, kí oògùn sì lé díẹ̀ ju ọjọ́ tí ẹ máa lò lọ. Kí ẹ má sì fi ti adójútòfò, àwọn tó ń sanwó bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀, ṣeré. Bàbá kan ṣubú lórí àtẹ̀gùn nígbà tí a wà lójú agbami, ẹlikọ́pítà ló wá gbé wọn. Ó dúró lófuurufú lókè orí wa, ó sọ okùn kalẹ̀, gbogbo wa lanu sílẹ̀. Ìyàwó wọn sọ fún mi pé adójútòfò ló san ìnáwó náà, pé bí kò bá sí i, ilé àwọn nìkan ló kù láti tà.

Òòyì òkun máa ń kọ́ni o. Bí ọkọ̀ bá ti ń mì, ẹ jẹ ata ilẹ̀ díẹ̀, kí ẹ béèrè oògùn rẹ̀ lọ́wọ́ dókítà kí ẹ tó kúrò nílé, kí ó má lọ bá ti ojú jà. Pa íńtánẹ́ẹ̀tì fóònù rẹ láti èbúté, torí afẹ́fẹ́ àárín òkun náà lówó lórí. Bí ẹ bá sọ̀ kalẹ̀ ní ìlúkílùú, agogo ọkọ̀ ni kí ẹ máa tẹ̀lé, kì í ṣe ti ìlú náà. Mo rí tọkọtaya kan tó ń sáré bọ̀ létí omi pẹ̀lú ẹrù ọjà lọ́wọ́. Gbogbo wa lókè ń pariwo pé ẹ dúró, ẹ dúró. Ọkọ̀ kò bojú wẹ̀yìn.

Kí o tó débẹ̀, sọ fún àwọn ọlọ́kọ̀ pé ojú ọkọ rẹ kò dá. Má jẹ́ kó tijú. Wọ́n á fún yín ní yàrá tó wà láàárín iwájú àti ẹ̀yìn ọkọ̀, níbi tí kì í ti í mì jù, wọ́n á sì mú un rìn yíká kí ilẹ̀ tó ṣú. Ọjọ́ àkọ́kọ́ ni wọ́n máa kọ́ gbogbo èèyàn ní bí a ṣe ń wọ ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kéèyàn rì. Ẹ má sá fún un, kí Kàfíńtà sì fi ọwọ́ mọ ògiri láti yàrá dé ibi àtẹ̀gùn. Ẹ rí i pé yàrá náà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ síta tó kọjú sí òkun. Bí ẹ bá máa fi aṣọ sílẹ̀, ẹ fi sílẹ̀, ẹ má fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ sílẹ̀.

Torí ibẹ̀ ni. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì mo ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, ilẹ̀ ti lọ. Mo wo iwájú, omi. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì, omi náà ni, títí lọ bá sánmà. Ó dúdú bí aró níbì kan, ó sì ń dán bí fàdákà níbi tí oòrùn ti kàn án. Láti ọjọ́ tí mo ti dáyé, gbogbo ohun tí mo rí ló ní etí. Aṣọ ní etí, ọ̀nà ní etí, oko pàápàá ní etí. Èyí kò ní. N kò pinnu láti kúnlẹ̀, orúnkún ló kúnlẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, inú mi sì dùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní Olúwa, ṣé gbogbo èyí ti wà níbí láti ìgbà tí mo ti ń bá oníbàárà jà lórí bọ́tìnnì?

Mo sáré pe Màámi. Wọ́n jáde, wọ́n di irin ọ̀dẹ̀dẹ̀ mú, wọ́n wò ó díẹ̀, wọ́n sì di ojú méjèèjì. Mo rò pé òòyì ni. Mo ní, “Màámi, ẹ lajú, ẹ wò ó! Ṣé torí kí ẹ lè dijú la ṣe sáré?” Wọ́n ní, “Fi mí sílẹ̀ jàre. Ojú mi kéré sí i. Jẹ́ kí n fi ara gbọ́ ọ.” Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀ pẹ́. Atẹ́gùn ń fẹ́ ìborí wọn, iyọ̀ òkun wà létè wọn, ọkọ̀ ń gòkè ó ń sọ̀, ara wọn náà ń bá a lọ. Nígbà tí a délé, tí àwọn àbúrò mi ní báwo ni òkun ṣe rí, èmi ń wá ọ̀rọ̀ kiri, n kò rí. Màámi ló sọ ọ́ fún wọn.

Mo rí ìbéèrè tí o fi lẹ́tà wínníwínní kọ sísàlẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ kí n rí i: bí ojú rẹ̀ bá ṣú kí oṣù kẹjọ tó dé ńkọ́, ṣé kí ẹ fagi lé e? Mo ti rò ó títí. Àdúrà mi ni pé ojú yóò dúró dè é. Ṣùgbọ́n bí kò bá dúró, ẹ lọ. Mú un dé ọ̀dẹ̀dẹ̀, gbé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì lé irin náà, ọwọ́ tó lè mọ irú igi tí igi jẹ́ nínú òkùnkùn. Lẹ́yìn náà kí o pa ẹnu rẹ mọ́, mo mọ̀ pé yóò le fún ọ. Má sọ bó ṣe rí fún un. Òun ni yóò sọ ọ́ fún ọ.

Mo rán àpò kékeré kan tí ẹ lè gbé kọ́rùn fún ìwé ìrìnnà yín, ó wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Síìpù ni mo fi sí ẹnu rẹ̀. Bí o bá wo ẹ̀yìn okùn rẹ̀, wàá rí i pé mo há abẹ́rẹ́ kan síbẹ̀, a kì í mọ̀.

Bá mi kí ìyá ọkọ rẹ àti gbogbo ọmọ. Màámi ní kí n kí Kàfíńtà, kí n sì sọ fún un pé òkun ń retí rẹ̀.

Èmi ni tìrẹ láti ìgbà èwe wá,

Abẹ́rẹ́.