Àmì Orí "Ya"

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 24 Oṣù Kẹjọ, 1996

"Èyí kì í ṣe eré, ẹ̀yin ènìyàn mi. Sáyẹ́ǹsì ni. Ẹni tó bá mú arúgbó sínú ẹgbẹ́ rẹ̀, sàréè ló ń gbẹ́, kì í ṣe bọ́ọ̀lù ló ń gbá." Bẹ́ẹ̀ ni Shamsudeen, Kọmíṣọ́nnà eré wa, wí lónìí ní pálọ̀ rẹ̀ ní Cinco Ranch, ní Amẹ́ríkà níbí. Ó dìde kó tó wí i. Ó yọ gíláàsì ojú rẹ̀. Gbogbo wa dákẹ́ bí ẹni pé lèmọ́mù ló gun mìńbárì. Ǹ bá pàtẹ́wọ́, ẹ̀pà ló kún ọwọ́ mi.

Ẹnjiníà epo ni báyìí. Ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí mò ń kọ́ wọn ní Yorùbá ní Form Three, òun ni ọmọ tó máa ń pariwo "Tíṣà, mo ti ṣe tán" kí àwọn yòókù tó ṣí ìwé.

Eré orí ìwé ni eré wa. Àwa mẹ́jọ, olúkúlùkù á ṣa orúkọ àwọn tó ń gbá bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà — bọ́ọ̀lù wọn tó rí bí ẹyin, tí wọ́n ń fọwọ́ gbé sá. Tí ẹni tí mo ṣà bá ṣe dáadáa ní Sọ́ńdè, èmi ni mo ni máàkì. Òun ló sáré, òun ló ṣubú, èmi wà lórí àga. Eré tó bá orúnkún mi mu nìyẹn.

Òfin tuntun wà lọ́dún yìí. Ojú ewé mẹ́sàn-án, ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju èyí lọ: ẹni tó bá gbẹ̀yìn lẹ́yìn Sọ́ńdè kẹfà á dìde lórí àga fún Táyéwò, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkọ̀ǹpútà kan tó ti ń dúró láti èṣí.

Ó kàn mí láti mú ahánbọ́ọ̀lù — àwọn tó ń sá lọ síwájú láti hán bọ́ọ̀lù lófuurufú. Mo ní Cornelius, ti ẹgbẹ́ ìlú yìí. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Orúnkún méjèèjì, èjìká kan, iṣan ẹ̀yìn itan: gbogbo rẹ̀ ti lọ rí, gbogbo rẹ̀ ti bọ̀. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Shamsudeen ní, "Tíṣà, ẹ tún un rò, ẹ jọ̀ọ́ sà. Tí atẹ́gùn bá fẹ́ lu ọkùnrin yẹn, ó ti dá lẹ́sẹ̀ nìyẹn."

Mo ní, "Shamsu, mo ti pé méjìdínláàádọ́rin, ẹ ṣì fún mi ní àga."

Wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀.

Ìdí tí mo fi mú un — n kò sọ fún wọn. Ilé ìtọ́jú tí wọ́n ti ń na orúnkún mi ní ọjọ́rú-ọjọ́rú ni wọ́n ti ń na tirẹ̀. Nínú oṣù kẹfà a dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì ìtòsí ara wa. Ó wo ẹsẹ̀ mi tó ń gbọ̀n, ó yọ pílò lábẹ́ tirẹ̀, ó tì í sábẹ́ tèmi. Ó pè mí ní Pops, ó ní tèmi nílò rẹ̀ jù. Ìyẹn kì í ṣe sáyẹ́ǹsì.

Ọjọ́ Àìkú, 1 Oṣù Kẹsàn-án

Góòlù méjì! (Touchdown ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á rí i pè.) Cornelius hán èkejì láàárín ọmọdé méjì tí bàbá wọn lè má tíì pé ọjọ́ orí mi. Mo fò dìde. Orúnkún rán mi létí.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 3 Oṣù Kẹsàn-án

Agogo mẹ́rin ku díẹ̀ ni fóònù dún. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni Kọmíṣọ́nnà máa ń ka ìwé ìròyìn, á ro máàkì pọ̀, á sì pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ló máa ń kọ́kọ́ pè, nítorí àgbà. Ó ní góòlù méjì kì í ṣe ẹ̀rí, orí ire lásán ni. Lẹ́yìn náà ó bi mí ní ohun tí a ń pe àlùbọ́sà eléwé, ìyàwó rẹ̀ ń bá a jiyàn. Láti ibẹ̀ a dé orí ọ̀gá wa kan ní Ẹ̀pẹ́ tó máa ń sùn ní ìdúró. Ogójì ìṣẹ́jú.

Làdíátù, ọmọ mi, ti ibi iṣẹ́ dé, ó bá mi níbẹ̀. "Dádì, ta lẹ̀ ń bá rẹ́rìn-ín báyìí?"

Ọdún kejì mi rèé nílé rẹ̀ ní Humble. Òun ni gbogbo ẹni tó bá pe fóònù yìí ń bèèrè. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun nìkan ni wọ́n ń bèèrè èmi. Mo máa ń fá irùngbọ̀n kó tó dún. Bí ẹni pé fóònù ń ríran.

Ọjọ́ Àìkú, 8 Oṣù Kẹsàn-án

Òfo. Wọ́n gbá a lulẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta. Ó dìde lẹ́ẹ̀mẹta — díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dìde nínú ṣọ́ọ́bù bàtà.

Ọjọ́bọ̀, 12 Oṣù Kẹsàn-án

Ìwé ìròyìn pín àwọn tí ara wọn kò le sí ipò mẹ́rin: ẹni tó ṣeé ṣe kó gbá, ẹni tí a ń ṣiyèméjì nípa rẹ̀, ẹni tí a ti ń ṣọ̀fọ̀ rẹ̀, ẹni tí kò sí níbẹ̀ mọ́. Ògbólógbòó mi wà ní ipò kejì. Tiwa nílé, ìdáhùn kan ṣoṣo ló wà: "A dúpẹ́." Kódà kí apá wà nílẹ̀ lọ́tọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 24 Oṣù Kẹsàn-án

Sọ́ńdè méjì láìsí Cornelius. Mo ti di ìkeje nínú mẹ́jọ.

Táyéwò pè kí Kọmíṣọ́nnà tó pè. "Tíṣà, how far sà? Mo kàn ní kí n kí yín ni o." Ó bèèrè orúnkún, ó bèèrè Làdíátù, ó bèèrè bí mo ṣe ń sùn. N kò mọ ìgbà tí wọ́n kí mi báyẹn kẹ́yìn. Ẹni tó ń wo àga ẹni ló ń kí ẹni kíkí kúnnákúnná.

Ọjọ́ Àìkú, 29 Oṣù Kẹsàn-án

Ó padà! Góòlù kan. Inú mi dùn fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lẹ́yìn náà ó rọra jáde, ó fọwọ́ di ẹ̀yìn itan mú, ó ń wo ilẹ̀ bí ẹni tí owó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìkẹjọ ni mo wà. Máàkì mẹ́rin ni mo fi gbẹ̀yìn. Ó ku Sọ́ńdè kan.

Ọjọ́rú, 2 Oṣù Kẹwàá

Ohun tí mo ṣe lónìí kò dára. Kí n kọ ọ́ kí n tó rí àlàyé fún un.

Mùsílíù ló ń na orúnkún mi ní ilé ìtọ́jú. Ọmọ Ẹ̀pẹ́ lòun náà, kíláàsì kan náà pẹ̀lú Shamsudeen, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kì í yá. Ìdajì ni mo sọ ọ́ lórúkọ nígbà náà, torí pé tí mo bá ní kí wọ́n fi àmì ohùn sórí gbólóhùn, á fi sórí ìdajì àkọ́kọ́, á jókòó, á máa wo fèrèsé. Mo máa ń fi bíró pupa parí i fún un.

Kọ́tìnì wà lára bẹ́ẹ̀dì kejì. Mo gbọ́ ohùn Cornelius lẹ́yìn rẹ̀, ó ń bá dókítà sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo bi Mùsílíù bí iṣan náà ṣe rí. Ó ní òun ti fọwọ́ síwèé pé òun kò ní í sọ ọ̀rọ̀ aláìsàn kan fún ẹnikẹ́ni. Iṣẹ́ òun ni.

Ó yẹ kí n dákẹ́. Mo ní, "Mùsílíù, ta ló kọ́ ọ ní a, b, d?"

Kò wò mí. Ó tẹ orúnkún náà ju bó ṣe yẹ lọ. N kò pariwo, torí mo mọ̀ pé ó tọ́ sí mi.

Ọjọ́ Jímọ̀, 4 Oṣù Kẹwàá

A kírun tán, mo ń wọ bàtà ní ẹnu ọ̀nà mọ́sáláṣí, ìwé kékeré kan wà nínú ẹsẹ̀ ọ̀tún. Mùsílíù ti padà síbi iṣẹ́. Ohun tó kọ rèé:

"Ẹ kú Jímọ̀, sà. Ó ti ya. — M."

Mo jókòó sórí àga ìta. Tó bá jẹ́ "yá", ara ọkùnrin náà ti le. Tó bá jẹ́ "ya", iṣan ti fà ya. Kò sí àmì lórí rẹ̀. Ìdajì! Ó fi àmì sí "kú," ó fi sí "Jímọ̀," ó fi sí "sà" — ó dé ibi tí ọ̀rọ̀ wà, ó jókòó, ó ń wo fèrèsé.

Mo rò ó dáadáa. Ọmọ tí a kọ́ nílé kì í fi ìwé pélébé túfọ̀ fún àgbà. Tó bá jẹ́ aburú ni, á kọ́kọ́ ní "ẹ má bínú, sà", á ní kí n jókòó, á bèèrè bóyá mo ti jẹun. Èyí kò ní kí n jókòó. Nítorí náà, yá ni.

Mo délé, mo mú bíró pupa, mo fi àmì òkè sórí a. Mo fún un ní mẹ́ta nínú mẹ́rin.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta, 5 Oṣù Kẹwàá

Mo ní ọ̀dọ́mọkùnrin kan lẹ́yìn ìwé, adípò tí n kò tíì lò rí, ẹni ọdún méjìlélógún, orúnkún rẹ̀ bí ti ewúrẹ́. Làdíátù ní ọmọ náà ni kí n fi sí i. Làdíátù kò mọ bọ́ọ̀lù, ṣùgbọ́n nọ́ọ̀sì ni, ó mọ itan.

Mo pe Kọmíṣọ́nnà kí àkókò àtiyan ẹni tó máa gbá fún mi lọ́la tó kọjá. Mo ní Cornelius. "Tíṣà, ṣé ó dá yín lójú, sà?" Mo ní ó ti yá.

Ọjọ́ Àìkú, 6 Oṣù Kẹwàá

Cornelius sáré jáde pẹ̀lú àwọn yòókù. Wọ́n sọ bọ́ọ̀lù sí i lẹ́ẹ̀kan, kò bá a. Ẹ̀ẹ̀kejì, ó nà sókè — ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ibi tí bọ́ọ̀lù wà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò bá a lọ. Ó wà lófuurufú nígbà tó di itan mú. Ó balẹ̀, kò dìde. Wọ́n fi ọkọ̀ pẹlẹbẹ kan gbé e jáde. Ó da aṣọ ìnura bojú.

Ọ̀dọ́mọkùnrin olórúnkún ewúrẹ́ gbá góòlù méjì, ní ìlú mìíràn, láìṣe tèmi.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 8 Oṣù Kẹwàá

Agogo mẹ́rin géérégé. Kọmíṣọ́nnà kò ka òfin fún mi. Mo ti ń retí i, mo ti múra ẹ̀fẹ̀ sílẹ̀. Ó kàn ní, "Máàkì mẹ́ta lẹ fi gbẹ̀yìn, sà." Lẹ́yìn náà, "Ẹ má bínú, Tíṣà. Èmi ni mo kọ òfin yẹn. N kò mọ̀ pé ẹ̀yin ló máa mú." Ohùn rẹ̀ dà bí ti ọmọ Form Three.

Mo ní òfin ni òfin. Mo ní kí ó kí ìyàwó rẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́rin.

Ọjọ́rú, 9 Oṣù Kẹwàá

Mo mú ìwé náà dání lọ sí ilé ìtọ́jú. Mo ti pèsè ìwàásù nípa àmì ohùn, ó gùn tó òfin Shamsudeen. Kọ́tìnì ṣí lára bẹ́ẹ̀dì kejì. Kò sí ẹnikẹ́ni lórí rẹ̀, wọ́n ti ká aṣọ rẹ̀.

Mùsílíù gba ìwé náà, ó wo àmì pupa.

"Tíṣà, ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé ohùn àárín kì í gba àmì."

Mo tún un kà. Ẹ kú Jímọ̀, sà. Ó ti ya. Kò sí ibi tí àmì yẹ kó wà tí kò sí. Gbólóhùn tó pé jù lọ tí ọmọ yẹn kọ fún mi láti ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n. Mo mú bíró pupa, mo bà á jẹ́.

Ó ní ó ti ya kó tó di ọjọ́rú tó kọjá. Cornelius bẹ dókítà pé kí wọ́n wé e, òun á gbá a, torí pé tí òun bá jókòó nísinsìnyí, wọn kò ní í pe òun mọ́. Mùsílíù ní òun rò ó ní alẹ́ méjì kí òun tó kọ ọ́. Tí wọ́n bá mọ̀, iṣẹ́ òun ti lọ. Kò sọ ọ́ bí ìbáwí. Ìyẹn ló burú jù.

Mo ní kí ó dá ìwé náà padà. Mo fagi lé àmì mi, mo fagi lé mẹ́ta, mo kọ mẹ́rin nínú mẹ́rin, mo fọwọ́ sí i. Ó wo máàkì náà. Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. Lẹ́yìn náà ó fà á ya sí méjì, sí mẹ́rin, ó kó o sápò, ilé ni yóò ti dà á nù.

Ó ti ya. Lọ́tẹ̀ yìí, mo kà á bó ṣe yẹ.

Ọjọ́ Jímọ̀, 11 Oṣù Kẹwàá

Mo wo inú bàtà kí n tó wọ̀ ọ́. Bàtà ni.

Ọjọ́ Àìkú, 13 Oṣù Kẹwàá

Orúkọ Cornelius kò sí nínú ipò mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Wọ́n yọ ọ́ kúrò lórí ìwé pátápátá. Ó yẹ kí n mọ ibi tí ènìyàn lè fi ìwé kí i sí. N kò mọ̀. Pílò rẹ̀ ni mo mọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 15 Oṣù Kẹwàá

Mo fá irùngbọ̀n. Àṣà ni.

Agogo mẹ́rin lù. Agogo mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé fóònù sókè. Ó ń dún hùùù, kò sí ohun tó ṣe é. Mo rọra gbé e sílẹ̀ kí ọ̀nà má baà dí.

Làdíátù dé, ó bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni pe òun. Mo ní rárá.

Ta ni Kọmíṣọ́nnà wá ń kọ́kọ́ pè báyìí?