Ẹ Má Fipá Gbé Ìbọn Lé Àbúrò Mi Lọ́wọ́

Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ ìlú o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dárúkọ mi. Mo gbọ́ àwọn tó ń pe ètò yín pé kí ìjọba sọ iṣẹ́ ológun di dandan fún gbogbo ọ̀dọ́. Èmi ò fara mọ́ ọn.

Lábúlé wa nítòsí Àgọ́-Àrẹ, gbogbo ọmọkùnrin ló gbọ́dọ̀ bá àwọn ọdẹ ṣọ́ ọ̀nà oko nítorí ajínigbé. Iṣẹ́ náà wù mí. Kò wu àbúrò mi tó ń hun aṣọ òkè, síbẹ̀ wọ́n fún un níbọn. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó gbọ́ ìró ẹsẹ̀, ó sì yìnbọn. Bàbá wa ló ń toko bọ̀! Ọta gbé fìlà wọn lọ.

Láti ọjọ́ náà, bó bá ti kàn án, èmi ni mò ń bá a ṣọ́nà, òun á jókòó sílé. Olórí ọdẹ bínú: "Ṣé wàá tún bá a gbéyàwó ni? Bí kò bá wá lọ́jọ́ Ẹtì, kí ìwọ náà dá ìbọn padà."

N kò ní jẹ́ kó lọ. Olórí ọdẹ wa kì í fi ètò yín ṣeré. Ẹ bá mi bi wọ́n: nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú lọ́nà oko, ta ni wọ́n fẹ́ kó gbé ìbọn dúró lẹ́yìn wọn, èmi àbí àbúrò mi?