Gídíónì Ọlágúnjú àti Tẹlifíṣọ̀n Ìyá Bùkárì

A bí Olóògbé Gídíónì Ọlágúnjú ní Èsìẹ́ lọ́dún 1951, ní agbo ilé Ọlágúnjú. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá wọn. Ìyá wọn, ọmọ Bàbáńlá, ń ta èlùbọ́. Àwọn méjèèjì ti ṣáájú.

Olóògbé ka ìwé mẹ́fà ní ilé ìwé ìjọ. Lọ́dún 1969 wọ́n lọ kọ́ iṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n ní Ìlọrin. Wọ́n ṣí ṣọ́ọ̀bù ní Òmù-Àrán lọ́dún 1978, wọ́n sì fẹ́ Rhoda lọ́dún 1981. Ìjọ fi wọ́n jẹ díákónì lọ́dún 1990.

Ẹbí kì í kọ irú ohun tó kàn yìí sínú ìwé ìsìnkú. Olóògbé ló ní kí a kọ ọ́, kí a má bò ó.

Lọ́dún 1996, Bùkárì ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ wọn. Òun nìkan ni ọmọ tí Fulera Rájí ti Ìjàrà-Ìsin bí. Ó kù díẹ̀ kó gba fíríídọ̀mù. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n aláàpótí igi ti ìyá rẹ̀ wá, nítorí iná ńlá tó yẹ kó dé ẹ̀yìn gíláàsì ojú rẹ̀ kò dé ibẹ̀ mọ́, àwòrán kò sì hàn. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tó ń tún un ṣe, kò sí iná nílùú. Orí wáyà rẹ̀ wà nínú ihò iná lára ògiri, bí gbogbo ilé ti máa ń fi í síbẹ̀ kí wọ́n lè mọ̀ bí iná bá dé. Olóògbé sọ fún un pé, "Iná ò sí. Ti ọwọ́ bọ̀ ọ́." Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́. Iná dé. Àwọn ọmọdé àdúgbò ṣì ń hó ayọ̀ iná nígbà tí olóògbé fa wáyà yọ. Bùkárì ti kú. Wọ́n sin ín ní Ìjàrà-Ìsin kí ilẹ̀ tó ṣú.

Olóògbé ti ṣọ́ọ̀bù pa. Wọ́n fi ipò díákónì sílẹ̀. Ìjọ bẹ̀ wọ́n, wọn kò gbà. Wọ́n padà sóko. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń lọ kọ ebè fún Ìyá Bùkárì. Ìyá kò lé wọn, kò sì bá wọn sọ̀rọ̀.

Lọ́dún 2012, Ìyá Bùkárì wá sí Èsìẹ́. Wọ́n ní, "Tẹlifíṣọ̀n mi dà? Ọmọ mi ò parí ẹ̀." Àwọn méjèèjì àti Rhoda lọ ṣí ṣọ́ọ̀bù, níbi tí tẹlifíṣọ̀n náà ṣì wà. Olóògbé fi orí wáyà lé ìyá lọ́wọ́ pé kí wọ́n dì í mú. Wọ́n kọ́kọ́ tú iná tó lè sá pamọ́ sínú gíláàsì dànù, wọ́n gbọn eruku ọdún pípẹ́, wọ́n pààrọ̀ tiransifọ́mà tó jóná, èyí tó ń rán iná ńlá sí gíláàsì. Olóògbé gbé irinṣẹ́ kalẹ̀, Rhoda ní kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ìyá ní rárá. Nígbà tí wọ́n tan án, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ìyá wò ó pẹ́, wọ́n ní kí a pa á, wọ́n sì gbé e lọ sílé.

Olóògbé tún ṣọ́ọ̀bù ṣí. Ẹni tó bá gbé iṣẹ́ wá ló ń di orí wáyà tirẹ̀ mú títí iṣẹ́ yóò fi parí. Àwọn aláwàdà Òmù-Àrán sọ wọ́n ní Bàbá Dì-í-Mú. Wọn kò bínú.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2025, àìsàn kíndìnrín dá wọn dùbúlẹ̀. Ìyá Bùkárì wá. Olóògbé bi wọ́n bóyá wọ́n ti dárí ji òun. Ìyá dáhùn pé, "Bàbá Helen, ọ̀rọ̀ yẹn ò sí lẹ́nu tèmi. Tẹ́ ẹ bá dé ọ̀hún, ẹ bi ọmọ náà." Ìyá kò sì lọ. Ẹ̀gbẹ́ ibùsùn ni wọ́n wà nígbà tí olóògbé dákẹ́, ní ọjọ́ kọkànlá oṣù kejì.

Wọ́n fi Rhoda aya wọn sílẹ̀, àti àwọn ọmọ wọn, Helen, Ṣèyífúnmi àti Miracle, ọmọ-ọmọ méje, ẹ̀gbọ́n wọn kan tó ti darúgbó, àti Ìyá Bùkárì.

Gídíónì, máa lọ. Wá Bùkárì rí ná. Lẹ́yìn náà, kí o sùn re.